Ilẹ̀kùn Yẹ́lò ní Àjà Kẹrin

Ilé wa ní àjà mẹ́fà, ilẹ̀kùn méjì lórí àjà kọ̀ọ̀kan, onílé méjìlá, àti lífítì kan tó ti kú tipẹ́tipẹ́ ṣùgbọ́n tí a ò tíì sin. Mọ́kànlá nínú àwọn ilẹ̀kùn náà ò ní ohun tí ènìyàn lè sọ nípa wọn. Èyí dúdú díẹ̀, èyí ti bó, èyí ń ṣe bí ẹni pé kí n má wo òun. Ìkejìlá, nọ́ńbà keje, ní àjà kẹrin, yẹ́lò ni. Kì í ṣe yẹ́lò onítìjú o! Yẹ́lò tó ń kí yín káàbọ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà ní àjà kẹta ni, bí inú ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ sínú abọ́ funfun. Bàbá mi ló kùn ún ní ọdún tí wọ́n ra nọ́ńbà keje, nítorí màmá mi ní òun fẹ́ ilẹ̀kùn tí òun lè fi júwe ilé fún àlejò láìsọ̀rọ̀ púpọ̀.

Gbogbo ilé ń pe bàbá mi ní Bàbá Aago. Ogójì ọdún ni wọ́n fi tún aago ṣe, kò sì sí aago kan nínú ilé náà tí wọn ò tíì tú inú rẹ̀ wò rí. Ní báyìí, ìrántí wọn ti ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀ láìdágbére. Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á bi mí pé ìgbà wo la fẹ́ jẹun. Wọ́n á ní kí n pe màmá mi wá, màmá mi tó ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà mìíràn orúkọ èmi gan-an á sá mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n á sì fi ọgbọ́n pè mí ní "ìyá mi", nítorí bàbá wo ló pe ọmọ rẹ̀ obìnrin bẹ́ẹ̀ tó ṣì í pè? Àgbàlagbà gbọ́n.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án gbogbo, wọ́n á dé fìlà, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ilé ìkàwé, wọ́n á máa wo àwọn tó ń kọjá. Tí oòrùn bá ti yí sí ẹ̀yìn ilé ìkàwé, wọ́n á dìde, wọ́n á padà wálé. Àwọn nìkan. Wọn kì í ka àjà, wọn kì í wo nọ́ńbà. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí wọn yóò dúró.

"Ṣé ìyẹn náà le ni?" ni wọ́n ní. "Màá máa gòkè títí yẹ́lò á fi ní kí n dúró."

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní nọ́ńbà kẹta ti là á mọ́lẹ̀ fún mi. "Aránṣọ," ló pè mí, nítorí kọ́tìnnì ni mò ń rán jẹun, "níwọ̀n ìgbà tí Bàbá bá ṣì ń dá wálé, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jáde. Ìjáde yẹn ló kù tí wọ́n ń pè ní tiwọn. Ọjọ́ tí wọn ò bá dá ilé mọ̀ mọ́, kò sí ọgbọ́n kankan, ẹ ó máa ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn ni."

Ẹ wá wo èmi lórí àtẹ̀gùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, abẹ́rẹ́ mẹ́rin lẹ́nu, kọ́tìnnì oníbàárà léjìká, tí mo ń ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìpàdé gbogbo onílé. Ọjọ́ Sátidé, ọ̀sẹ̀ méjì sí òní, aago mẹ́rin ọ̀sán, yàrá òkè òrùlé. Ohun tí a ó pinnu: kí gbogbo ilẹ̀kùn ilé yìí di àwọ̀ eérú.

Mo ka abẹ́rẹ́ ẹnu mi. Mẹ́ta. Ẹ̀rù bà mí fún odidi ìṣẹ́jú kan kí n tó rí ìkẹrin nínú kọ́tìnnì.

Mo mọ ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Alága ẹgbẹ́ onílé wa, nọ́ńbà kejìlá, dókítà eyín ni, ohunkóhun tí kò bá sì dọ́gba, ọwọ́ rẹ̀ á máa yún un láti fà á yọ. Nígbà tí mo lọ bá a, ó wo ojú mi, ó wo ẹnu mi, ó tún wo ojú mi.

"Ilé tí ilẹ̀kùn kan ń pariwo láàárín àwọn yòókù," ló wí, "báwo ni àlejò á ṣe wò ó, Aránṣọ?"

"Alága, àlejò kọ́ ló ń gbébẹ̀. Bàbá mi ló ń gbébẹ̀."

"Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé. Ìpàdé ló máa pinnu."

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá akọ̀wé ní nọ́ńbà kìíní. Màmá Òfin là ń pè wọ́n. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi jẹ́ tíṣà, ìwé òfin ẹgbẹ́ sì wà nínú àpò aṣọ kan lọ́wọ́ wọn nígbà gbogbo bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi."

"Àánú wà ní ojú ìwé wo?" ni wọ́n bi mí.

Mo ní n ò mọ̀. Wọ́n ní àwọn náà ò tíì rí i, àwọn sì ti ka ìwé náà tán lẹ́ẹ̀mẹrin. Wọ́n wá jókòó, wọ́n ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Onílé méje gbọ́dọ̀ pé kí ìpàdé tó lè pinnu ohunkóhun. Tí méje ò bá pé láàárín ìdajì wákàtí lẹ́yìn aago tí a kọ sínú ìwé ìpè, ìpàdé tú, àbá náà sì kú fún odidi ọdún kan. Tí wọ́n bá pé, àbá gbọ́dọ̀ ní ìbò tó ju ìdajì àwọn tó wà níjókòó lọ. Nínú méje, mẹ́rin nìyẹn. Onílé tí kò bá lè wá, kó fi fìlà rẹ̀ ránṣẹ́, kó sì fi ìwé sínú fìlà náà, kó kọ èrò rẹ̀ sí i, kó buwọ́ lù ú. A ó gbé fìlà náà sórí àga rẹ̀, fìlà náà á sì di ènìyàn.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ fìlà, Màmá?"

"Ẹni tó kọ ọ́ ti kú. Máa bi í tí o bá dé ọ̀hún."

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo gòkè, mo sọ̀. Mo kan ilẹ̀kùn, mo rẹ́rìn-ín, mo mu omi tí n ò fẹ́ mu. Nọ́ọ̀sì ní tèmi lòun ń ṣe. Obìnrin tó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní dùùrù ní nọ́ńbà kẹwàá ní òun fẹ́ràn yẹ́lò ju ìdákẹ́jẹ́ lọ. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì nọ́ńbà kejì gbá àyà: "Ẹ fọkàn balẹ̀! Tí n ò bá lè wá, fìlà mi á wá!" Oníbúrẹ́dì nọ́ńbà kẹsàn-án, tó jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀, sùn lọ níwájú mi bí mo ṣe ń bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ń mì sókè sísàlẹ̀, mo sì kà á sí bẹ́ẹ̀ ni. Mo ka ìka mi. Mo borí. Mo sun oorun àsùnwọra ní alẹ́ ọjọ́ Fúráìdè.

Ọjọ́ Sátidé dé. Ọ̀sán yẹn rí bíi pé ẹnì kan dà á jáde láti inú ìgò oyin. Yàrá òkè òrùlé wa kò ju ògiri mẹ́ta àti fèrèsé ńlá lọ, lẹ́yìn rẹ̀ ni a ti ń sá aṣọ. Aṣọ ibùsùn funfun mẹ́jọ ni wọ́n sá síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, afẹ́fẹ́ á wú wọn, á tún tú wọn sílẹ̀, tí ó fi dà bíi pé ilé náà ń mí. Àga méjìlá wà ní òbìrípo, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn àga kọ̀ọ̀kan. Aago ògiri ń lọ kẹ́, kẹ́, kẹ́. Agogo rẹ̀ ò dún mọ́ láti ọdún méjì, a ò sì rí ẹni tó bìkítà.

Mo jókòó sórí àga keje. Mo wò yíká. Alága. Màmá Òfin. Oníbúrẹ́dì, tó ti sùn kí ìdí rẹ̀ tó kan àga. Nọ́ọ̀sì. Olùkọ́ dùùrù. Lórí àga kọkànlá, fìlà funfun ọ̀gá awakọ̀ òkun, tí a kì í rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún méjì. Màmá Òfin yọ ìwé inú rẹ̀, wọ́n kà á síta: "Lórí ọ̀rọ̀ ọ̀dà eérú, mo gbà." Wọ́n dá a padà.

Lórí àga kejì, fìlà awakọ̀ bọ́ọ̀sì! Ọkàn mi jó. Màmá Òfin gbé e, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n yí i padà, wọ́n gbọ̀n ọ́n. Kóòmù kan já bọ́.

"Kò síwèé," ni wọ́n wí.

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi ló fẹ́ dìbò fún, Màmá!"

"Kóòmù ò lè dìbò." Wọ́n gbé fìlà náà kúrò.

Ó dáa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Alága, ọ̀kan. Àwọn fúnra wọn, méjì. Oníbúrẹ́dì, mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì, mẹ́rin. Dùùrù, márùn-ún. Fìlà, mẹ́fà. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n sì dúró.

"Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilé nọ́ńbà keje?"

"Ti bàbá mi."

"Fìlà wọn dà?"

"Ó wà lórí wọn, Màmá. Wọ́n dé e jáde."

"A jẹ́ pé ìwọ ò sí níbí," ni wọ́n wí, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ogún ọdún ni mo ti ń gun àtẹ̀gùn yẹn! Ojú ti mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ orí ìtàgé láìní ipa nínú eré. Mo ti fẹ́ bú sẹ́kún. Ìgbà tí omijé ti dé imú ni ọpọlọ mi ta jí: mẹ́fà! Mẹ́fà ló wà níbẹ̀! Tí méje ò bá pé, kò sí ìpàdé, kò sí eérú, fún odidi ọdún kan! Mo gbé omijé mì. Mo jókòó padà, mo ká ọwọ́ mọ́ra, mo rẹ́rìn-ín sí Alága pẹ̀lú gbogbo eyín mi, kó lè rí i yẹ̀ wò dáadáa.

"Ìdajì wákàtí la máa fi dúró," ni Màmá Òfin wí. "Òfin ni."

La bá ń dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí. Oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé, ó tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní àárín òbìrípo àga bí ológbò. Aṣọ ibùsùn wú, ó tú. Láìpẹ́, orí Alága bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Nọ́ọ̀sì di ojú. Ìka olùkọ́ dùùrù ń tẹ orin kan lórí orúnkún ara rẹ̀, orin tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́, mo sì gbọ́ ọ. Ó dà bíi pé ilé náà ti já okùn rẹ̀, tó rọra kúrò láàárín àwọn ilé yòókù, tó ń fò lọ lórí òpópónà, àwa méje nínú rẹ̀, tàbí mẹ́fà àti ẹni tí kò sí níbẹ̀. Fìlà funfun yẹn wà lórí àga rẹ̀, ó dúró gbọnin, òun nìkan ló mọ ọ̀nà. Mo rí màmá mi lẹ́yìn àwọn aṣọ tí a sá. Wọ́n ń ká wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, aṣọ náà ò sì tán. Wọ́n ní, "Ṣé bàbá rẹ ti dé?" Mo ní, "Wọn ò tíì dé, Màmá." Wọ́n ní, "Ó ń bọ̀."

Mo la ojú. Aago ògiri ti di mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Màmá Òfin nìkan ni ò sùn. Wọ́n ń wo aago bí ẹni ń wo ìkòkò tó fẹ́ hó.

Mo wá gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Mo mọ ẹsẹ̀ náà. Mẹ́rin, ìsinmi. Mẹ́rin, ìsinmi. Bàbá mi ti dé láti bẹ́ǹṣì wọn. Ọkàn mi rọ̀. Mo fi etí bá wọn gòkè: àjà kejì, àjà kẹta. Wọ́n ti rí yẹ́lò báyìí. Àjà kẹrin. Wọ́n á dúró báyìí. Kọ́kọ́rọ́ á dún báyìí.

Mẹ́rin, ìsinmi. Mẹ́rin, ìsinmi. Wọn ò dúró.

Àjà karùn-ún. Mo dìde. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àjà kẹfà. Mo ti sáré dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí fìlà wọn yọ, tí ojú wọn tẹ̀ lé e, òógùn ń ṣàn lójú náà, ẹ̀rù sì ti wọ inú rẹ̀. N ò tíì rí ẹ̀rù lójú bàbá mi rí.

"Ìyá mi," ni wọ́n wí, "ilé mi ti sọnù."

Ọwọ́ ọ̀tún wọn ti di àwọ̀ eérú, ọ̀dà tútù, láti ìka dé ọrùn ọwọ́. Wọ́n ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn kan tí wọn ò mọ̀.

Gbogbo ilé jí. Mo yíjú sí Alága. Alága ń wo ilẹ̀.

"Mo ní kí akunlé fi ilẹ̀kùn kan ṣe àpẹẹrẹ," ló wí pẹ̀lú ohùn tín-ín-rín. "Kí àwọn ènìyàn lè rí i bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀. N ò sọ èyí tó máa jẹ́. Ó jọ pé èyí tó kọ́kọ́ rí..."

"Kí ìpàdé tó pinnu?" Ohùn Màmá Òfin ti lọ sókè. "Alága! Kí ìpàdé tó pinnu?"

"Èwo ni ti ìbínú?" ni mo wí, nítorí mo ti wo aago ògiri. Mẹ́rin ààbọ̀ kọjá ìṣẹ́jú kan! "Àkókò ti kọjá! Méje ò pé! Ìpàdé ti tú! Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ, mo mọ ibi tí ilé wa wà, ẹ ṣáà máa bọ̀."

Màmá Òfin wo aago. Wọ́n gbé gègé wọn láti kọ ọ́ pé ìpàdé tú. Ayọ̀ ti kún mi dé ọrùn.

Bàbá mi kò sì tẹ̀ lé mi. Wọ́n ń wo aago ògiri, orí wọn tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí dókítà tó ń gbọ́ ikọ́ láti yàrá kejì.

"Aago yìí ń purọ́," ni wọ́n wí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yá." Wọ́n yọ aago àpò wọn, wọ́n fi han Màmá Òfin. Mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún. "Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń sáré? Ta ló jẹ́ kó máa sáré báyìí?"

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹ̀dá lè gbọ́n jù fún ara rẹ̀. Kò sí onílé kan tó lè bá Bàbá Aago jiyàn lórí aago. Ọwọ́ kan náà tí kò mọ ilẹ̀kùn ara rẹ̀ mọ́ ti gbé aago náà kúrò lára ògiri, ó ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti ń wá nǹkan kan nínú rẹ̀ láìwò ó, bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Wọ́n dá ọwọ́ aago padà sẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ eruku. Wọ́n fi èékánná gbé nǹkan kékeré kan bọ̀ sí àyè rẹ̀, wọ́n sì gbé aago kọ́.

"Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló kù," ni Màmá Òfin wí. Wọ́n wò mí. "Dìde fún onílé."

N kò tilẹ̀ jókòó. Àga keje ṣófo. Bàbá mi jókòó lé e, wọ́n sì gbé ọwọ́ eérú wọn sórí orúnkún.

"Méje," ni Màmá Òfin wí. "Ìpàdé pé."

Bàbá tó bí mi lọ́mọ! Àwọn fúnra wọn ló wá fi ara wọn pé ìpàdé tó máa gba ilẹ̀kùn lọ́wọ́ wọn!

Alága dìde. Ó ka àbá náà kíákíá, kí ojú má baà tún tì í. "Àwọn tó fẹ́ kí gbogbo ilẹ̀kùn di àwọ̀ eérú, ẹ nawọ́."

Ó nawọ́. Màmá Òfin nawọ́, nítorí àwọ̀ eérú wù wọ́n lóòótọ́, wọn kì í ṣe alábòsí. Fìlà ti gbà tirẹ̀. Mẹ́ta. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́ta ò tó. Mo fẹ́ mí.

Bàbá mi nawọ́ sókè.

Nínú gbogbo ọwọ́ tó wà láyé, ọwọ́ tó dun ojú mi jù nìyẹn, ọwọ́ aláwọ̀ eérú tó dìde pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

"Mẹ́rin," ni Alága wí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè.

"Bàbá!" Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n. "Bàbá, ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀! Ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe?"

"Ìyá mi, ṣé kò dára ni? Àwọ̀ náà ní ìwà pẹ̀lẹ́." Wọ́n yíjú sí àwọn tó jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń ṣàlàyé fún oníbàárà ohun tó ń ṣe aago rẹ̀. "Ẹ kùn wọ́n ní eérú. Gbogbo wọn. Lónìí mo gòkè, mo gòkè, n ò rí tèmi. Mo ti ronú sí i. Àwọn ilẹ̀kùn yòókù ló ń dà á láàmú. Tí gbogbo wọn bá dákẹ́, tèmi á tún lè sọ̀rọ̀."

Àwọn aṣọ ibùsùn dúró.

Màmá Òfin rọra gbé gègé wọn kalẹ̀. "Bàbá Aago," ni wọ́n wí, "ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n kùn gbogbo rẹ̀ ní eérú, àyàfi tiyín?"

"Tèmi kẹ̀? Tèmi yẹ́lò ni."

"Ìbò yìí ní 'àyàfi' nínú." Wọ́n ti ń ṣí ìwé, wọ́n ń tọ́ ìka lá. "Ìbò tó bá ní 'àyàfi' nínú kì í ṣe ìbò. Ojú ìwé kọkànlá. Àtúnṣe sí àbá ni, òun la sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìbò lé lórí. Ta ló kín in lẹ́yìn?"

"Èmi!" ni mo pariwo.

"Ìwọ ò sí níbí."

"Mo kín in lẹ́yìn," ni Nọ́ọ̀sì wí.

"Ẹni tó bá fara mọ́ àtúnṣe, kó nawọ́."

Nọ́ọ̀sì. Olùkọ́ dùùrù, ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ní kó sọ ọ̀kan kalẹ̀. Bàbá mi, ọwọ́ eérú. Mẹ́ta. Alága àti Màmá Òfin ò nawọ́. Fìlà?

"Ìwé fìlà ò sọ nǹkan kan nípa àtúnṣe," ni Màmá Òfin wí. "Fìlà ò lè ronú. Ó dákẹ́."

Ó wá ku Oníbúrẹ́dì, tí ojú rẹ̀ ti padà dì, tó ń hanrun bí fèrè ọkọ̀ ojú omi. Mẹ́rin la nílò. Mo wo Màmá Òfin.

"Ṣé mo lè jí i?"

"Ẹni tí kò sí níbí ò lè jí ẹni tó wà níbí."

"Èmi wá ńkọ́?" ni Nọ́ọ̀sì bèèrè.

Màmá Òfin ṣí ìwé. Wọ́n kà, wọ́n kà. Alága ti ń ta sókè sísàlẹ̀ lórí ìjókòó rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká ti ìbò pa! Mẹ́ta ni, mẹ́ta ò tó!" Màmá Òfin mí kanlẹ̀, wọ́n sì tún gbé gègé.

Aago ògiri bá dún.

Aago tí kò dún láti ọdún méjì! Ó lu mẹ́rin ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, GBÀNGÀN, bí ẹni gbé àwo irin lu ilẹ̀. Oníbúrẹ́dì, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ jí sí agogo, ti wà lórí ìdúró kí ohùn náà tó tán.

"Búrẹ́dì! Ẹ ṣí ààrò!"

"Ẹ jókòó," ni Màmá Òfin wí. "Ṣé kí ilẹ̀kùn nọ́ńbà keje wà ní yẹ́lò, tàbí kí ó má wà bẹ́ẹ̀?"

Ó ń nu ojú. "Yẹ́lò Bàbá Aago? Ta ló fẹ́ pa á rẹ́? Èmi tí mo ń fojú oorun gòkè ní gbogbo àárọ̀! Tí mo bá kan yẹ́lò, mo mọ̀ pé ó ku àjà kan. Ẹ pa yẹ́lò rẹ́, kí n lọ sùn sórí ibùsùn onílé onílé?" Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi í síbẹ̀, ó sì tún sùn lọ. Ọwọ́ náà ò sọ̀ kalẹ̀.

Mẹ́rin.

Wọ́n tún dìbò lórí àbá tí a ti tún ṣe náà: Alága, Màmá Òfin, fìlà, bàbá mi, mẹ́rin. Màmá Òfin kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára jù nínú ilé wa: gbogbo ilẹ̀kùn, àwọ̀ eérú, nọ́ńbà keje, yẹ́lò. Lẹ́yìn náà wọ́n dé ìdérí gègé, wọ́n sì yíjú sí Alága. "Ẹni tó kun ohun tí ìpàdé ò tíì pinnu, òun ni yóò nù ún kúrò."

"Ìyẹn wà ní ojú ìwé wo?" ni Alága bèèrè.

Màmá Òfin wò ó. Wọn ò ṣí ìwé rárá. Alága dìde, ó sì lọ wá kẹrosíìnì.

Gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó. Ilẹ̀kùn wa dúró níbẹ̀ bí ojú ọ̀run tó fẹ́ rọ̀, àmì ọwọ́ bàbá mi ní àárín rẹ̀. Alága rẹ àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ láti igun òkè, fínnífínní, bí ẹni ń fọ eyín erin. Yẹ́lò yọ bí èékánná. Ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Oòrùn fèrèsé àtẹ̀gùn kan án, ìmọ́lẹ̀ náà sì tàn sí ojú gbogbo wa. Bàbá mi ti wà lórí àtẹ̀gùn, wọ́n di irin rẹ̀ mú. Nígbà tí yẹ́lò náà tó bí ìwé ìròyìn tí a tẹ́, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ jáde, wọ́n fọwọ́ kan Alága léjìká.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, ẹ yà fún mi. Mo ti délé."

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀kùn mọ́kànlá di eérú, wọ́n sì dára lóòótọ́, wọ́n dọ́gba bí eyín ọmọ ilé ìwé. Wọ́n dọ́gba tó bẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ tirẹ̀ mọ́. Olùkọ́ dùùrù gbìyànjú láti fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn Nọ́ọ̀sì. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì jókòó nílé ẹlòmíràn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹun tán kó tó mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mò ń rán kọ́tìnnì, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń mí gúlegúle lẹ́nu ọ̀nà wa. Bàbá mi ló ṣí i. Alága ni, àpò lọ́wọ́, òógùn lójú, fìlà tó ti yí sí ẹ̀gbẹ́. Ó ti gòkè, ó ti sọ̀, ó ti tún gòkè.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ló wí. "Mo kàn fẹ́ dúró níbi yẹ́lò, kí n tún kà láti ibẹ̀ ni."

Bàbá mi wò ó pẹ́. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n fà á lọ́wọ́ wọlé.

"Ẹ má jẹ́ kó dùn yín," ni wọ́n wí fún un. "Èmi náà ti sọnù rí. Ẹ jókòó. Ìyá mi, bu omi wá."